Orí Kẹrin: Àpáta Ni Odi, Iyọ̀ Ni Ìdẹ

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹnì kan tó ń rin ọ̀nà òkè nítòsí Burgess Pass, nínú ọgbà ẹranko ìjọba tí wọ́n ń pè ní Yoho ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, bá òkú béárì lẹ́bàá ọ̀nà. Abo béárì grizzly ni, ó tó nǹkan bíi kílò 70. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà fi hẹlikópítà gbé òkú náà kúrò, kí àwọn ẹranko tó ń jẹ òkú má baà máa jà lé e lórí níbi tí èèyàn ń gbà kọjá, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní láti mọ ohun tó pa á. Ihò tóóró tó wọnú lọ ni wọ́n bá lára rẹ̀, lábẹ́ abíyá àti ní ìdí ọrùn. Ọgbẹ́ náà bá ìwo ewúrẹ́ orí àpáta mu.

Bí béárì ṣe ń pa ẹran ló kó bá a. Ó máa ń bẹ́ lu ẹran láti òkè, ní orí, ẹ̀yìn ọrùn àti èjìká. Ewúrẹ́ tí a bá gùn lẹ́yìn báyìí á ju orí sókè, ibi tí ìwo rẹ̀ máa bọ́ sí kò ju abíyá àti ọrùn ẹni tó gùn ún lọ.

Ewúrẹ́ tí a mọ̀ nínú agboolé, tí ń jẹ èèpo iṣu kiri, ajá kékeré ti tó láti lé e wọ abẹ́ àká. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí orí yìí dá lé kì í ṣe ọmọ ìyá ewúrẹ́ ilé. Oreamnos americanus ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é, òun nìkan ló sì kù láyé nínú ìdílé tirẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan tó kéré sí i lára, Oreamnos harringtoni, gbé agbègbè Grand Canyon rí kó tó run ní nǹkan bí ọdún 11,000 sẹ́yìn. Egungun àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó ti gbẹ ṣì wà nínú àwọn ihò àpáta ibẹ̀, níbi tí àwọn olùṣèwádìí ti ń hú wọn jáde. Èyí tó kù yìí, òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá ni ilé rẹ̀: gúúsù Alaska, Yukon, British Columbia, Alberta, títí wọ Washington, Idaho àti Montana. Ní Colorado àti Utah, èèyàn ló kó o débẹ̀.

Funfun ni láti orí dé ẹsẹ̀. Ìwo, imú àti pátákò nìkan ló dúdú. Akọ lè wọn kílò 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, abo kì í tó o. Àti akọ àti abo ló nírùngbọ̀n, àwọn méjèèjì ló sì níwo. Irun oríṣi méjì ló wọ̀: ti inú kúnná, ó rọ̀ múlọ́múlọ́; ti òde gùn, nígbà òtútù ó lè ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, irun yìí á máa já ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, á há sára igi àti òkúta. Akọ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ tirẹ̀, ìyá ọlọ́mọ ló ń kẹ́yìn. Àwọn ìran Coast Salish àti Tlingit, tí wọ́n ti ń gbé etíkun ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ti ń ṣa irun náà tipẹ́ láti fi hun aṣọ. Aṣọ Chilkat ti àwọn Tlingit, aṣọ ìbora àwọn èèyàn ńlá, irun ewúrẹ́ yìí àti èèpo igi kédárì ni wọ́n fi ń hun ún.

Bí a bá ní kí n fi gbólóhùn kan ṣàpèjúwe ẹranko yìí, màá ní kò ní ààbò tó ju ibi tó dúró sí lọ. Kì í sáré bí àgbọ̀nrín. Ìwo rẹ̀ lè pa béárì lọ́jọ́ tí orí bá bá a ṣe é, ṣùgbọ́n bí ìkookò bá ká a mọ́ ilẹ̀ títẹ́jú, ó ti tán. Àpáta gíga ni odi rẹ̀. Bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń jà, bó ṣe ń tọ́mọ, inú àpáta yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ohun kan ló sì wà tó lè mú un sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú odi náà fúnra rẹ̀: iyọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹsẹ̀ wò ó. Pátákò rẹ̀ là sí méjì bíi ti ewúrẹ́ gbogbo, ṣùgbọ́n ìka méjèèjì yìí lè yà síra gan-an. Etí pátákò le, ó sì mú, òun ni ewúrẹ́ fi ń há sí ojú òkúta tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àárín rẹ̀ rọ̀, ó rí họ́họ́, ó sì yọ díẹ̀ ju etí lọ, bíi rọ́bà táyà tó ń di ọ̀nà mú nígbà tí òjò bá rọ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìka méjèèjì á yà síra, òkúta tàbí yìnyín á sì há sáàárín wọn, á dá a dúró. Àwọn èékánná kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀, tí ewúrẹ́ ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ lò, òun a máa fi wọ́n tẹlẹ̀ tó bá di dandan. Ó ń fi gbogbo èyí rìn lórí ibi tó dagun ju dígírì 60 lọ.

Ejìká rẹ̀ ga, ó kún fún ẹran, ẹni tó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ á rò pé iké ni. Ní ọdún 2016, Ryan Lewinson àti Darren Stefanyshyn ti Yunifásítì Calgary tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ó ṣe ń lo èjìká yìí. Fídíò ewúrẹ́ kan tó ń gun òkè ni wọ́n tú wò, wọ́n sì rí i pé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà méjì: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọ́kọ́ ti ara sókè, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ iwájú á gbà á, á fà á gòkè. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo kò tó fi ṣe òfin fún gbogbo ìran, àwọn tó ṣe ìwádìí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó bá ohun tí ojú ń rí lórí òkè mu. Ẹranko yìí kì í kánjú. Á gbé ẹsẹ̀ kan, á fi dán òkúta wò, bí òkúta bá mì á gbé e kúrò, á wá ibòmíràn tẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fífò ló mọ̀ jù. Ó lè fò, àmọ́ sùúrù ló fi ń gun òkè.

Àpáta tó ń gbà á lẹ́nu ẹranko ń gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òtútù, yìnyín á kó jọ sórí òkè títí á fi wúwo ju ohun tí ìdàgẹ̀rẹ̀ lè gbé lọ, á sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á gbá ohun gbogbo tó bá pàdé lọ. Kevin White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ atọ́nà sí ọrùn ewúrẹ́ 421 ní etíkun Alaska, wọ́n sì tọpasẹ̀ wọn fún ọdún 17. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2024, ó hàn pé láàárín ewúrẹ́ 100 tó bá kú, yìnyín tó ya lulẹ̀ ló ń pa 23 sí 65, ó kàn da lórí agbègbè tí wọ́n wà ni. Èyí pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń fọkàn sí lọ. Ẹni tó ń sá fún ìkookò kò lè sá fún òkè tó sá sí.

Oúnjẹ kì í ṣe ìṣòro rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; koríko àti ewé òkè pọ̀. Ní òtútù ló ń le. Àwọn tó wà nítòsí òkun á sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó igi ńlá, níbi tí ẹ̀ka igi ti ń gba yìnyín dúró. Àwọn tó wà ní ìlú òkè ní tiwọn á dúró sórí ṣóńṣó tí atẹ́gùn ti gbá yìnyín kúrò, wọ́n á máa họ koríko gbígbẹ àti àwọn nǹkan tó máa ń hù sára òkúta àti èèpo igi jẹ. Gbogbo wọn máa ń rù. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà, òtútù àkọ́kọ́ ni ìdánwò rẹ̀.

Láàárín oṣù Kàrún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni abo ń bímọ, lẹ́yìn oyún tó tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Á kúrò lẹ́gbẹ́, á lọ síbi tó dagun jù lọ, á dá bí i níbẹ̀. Ọ̀kan ni ó sábà ń bí; ìbejì ṣọ̀wọ́n, àfi níbi tí oúnjẹ bá pọ̀ tí ewúrẹ́ kò sì tíì kún. Ọmọ náà tó kílò mẹ́ta. Kí wákàtí mélòó kan tó kọjá, ó ti dìde, ó ti ń gbìyànjú láti gun òkúta, ó tún ń gun ìyá rẹ̀ pàápàá tí ìyá bá dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá wò wọ́n dáadáa á rí i pé tí ọmọ bá wà ní ibi gíga, ìyá máa ń dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ọmọ bá yọ̀, ara ìyá ló máa gbé e dúró. Láti òkè ni idì ti ń wá, ewúrẹ́ a sì máa dojú ìwo kọ idì tó bá fò kọjá nítòsí ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ìyá ọlọ́mọ á tún kó ara jọ. Níbí ni ìwà wọn ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹran igbó: abo ló ni agbo. Akọ tó ti dàgbà máa ń dá gbé, tàbí kí wọ́n jẹ́ méjì mẹ́ta. Tó bá pàdé ìyá ọlọ́mọ níbi oúnjẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, akọ náà, bó ti tóbi tó, ló sábà máa ń yà kúrò lọ́nà.

Ìwádìí tó tú agbo yìí wò jù lọ ni èyí tí Marco Festa-Bianchet àti Steeve Côté ṣe ní Caw Ridge, ní ìpínlẹ̀ Alberta. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń sàmì sí etí ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, tí wọ́n mọ ẹni tó bí ẹni, ọdún tí wọ́n bí i, àti ẹni tó borí ẹni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 2008. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ètò ipò láàárín àwọn abo. Wọn kì í fi bí ara ṣe tóbi tó tàbí bí ìwo ṣe gùn tó wọn ipò. Ọjọ́ orí ni. Ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ló ń jẹ̀ níbi tó dára, ló ń dùbúlẹ̀ síbi tó bá fẹ́, àbúrò á sì dìde fún un. Kì í ṣe pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Abo ewúrẹ́ orí àpáta máa ń jágbe mọ́ra wọn ju ọ̀pọ̀ abo ẹran ẹlẹ́sẹ̀ pátákò mìíràn lọ. Ní gbogbo ọjọ́ tí agbo bá ń jẹ̀, ẹnì kan á tẹrí ba, á yọ ìwo, á sáré díẹ̀ sí ẹlòmíràn, ẹni tí wọ́n yọ ìwo sí á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹni bá rántí pé ibi tí koríko wà lórí àpáta kéré, àti pé ẹni tí wọ́n bá tì lè jábọ́, kò ní yà á lẹ́nu.

Ìjà gan-an kò wọ́pọ̀, nítorí ohun ìjà wọn burú jù. Àgbò méjì tó ń jà máa ń fà sẹ́yìn, wọ́n á sáré pàdé, orí á sọ gbàù, nǹkan kan kò ní ṣe wọ́n. Ewúrẹ́ orí àpáta kò lè dán an wò. Egungun orí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ìwo rẹ̀ dúdú, ó dúró ṣánṣán, ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Kò gùn, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 28 ni, ṣùgbọ́n ó tó wọ inú ikùn. Nítorí náà wọn kì í fi orí kanra. Akọ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí èyí sí ìdí èyí, wọ́n á gbé irun sókè, wọ́n á tẹ ẹ̀yìn, wọ́n á máa yí pọ̀ bìrìpó bìrìpó lójú kan, olúkúlùkù ń fi ara rẹ̀ hàn bí ẹni ńlá. Ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń lọ. Bí kò bá lọ, ìdí àti itan ni ìwo á bọ́ sí.

Ara akọ ti múra sílẹ̀ fún èyí. Valerius Geist, tó kọ nípa wọn ní àwọn ọdún 1960, ṣàlàyé pé awọ ìdí akọ máa ń nípọn títí dé bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Asà ló gbé sí ìdí, kò gbé e sí iwájú, nítorí ìdí ni ọ̀tá ń dojú kọ. Ojú ọgbẹ́ tó ti jinná sì wọ́pọ̀ lára awọ náà.

Oṣù Kọkànlá ni ìgbà gígùn wọn. Akọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ẹ̀rùn á wá sọ̀ wá bá àwọn abo. Á fi ẹsẹ̀ iwájú gbẹ́ kòtò, á jókòó sínú rẹ̀ bí ajá, á tọ̀ ọ́, á sì máa bu erùpẹ̀ náà da ara rẹ̀ lára títí ikùn àti itan rẹ̀ á fi dọ̀tí. Ẹni tó bá mọ òbúkọ mọ òórùn tí à ń wí. Pẹ̀lú gbogbo ìmúra yìí, kò jẹ́ wọ abo tọ̀ pẹ̀lú agbára. Á rá pálá lórí ikùn, á na ọrùn, á máa yọ ahọ́n, á kùn bí ọmọ tó ń wá ọyàn, nítorí bí abo kò bá fẹ́, á yí padà, á fi ìwo lé e. Màá sọ èrò tèmi: kò sí ẹran tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ tó òun nínú gbogbo ẹran oníwo tí mo kà nípa wọn.

Abo kì í bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ kó tó pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn a sì máa fo ọdún kan lẹ́yìn ibímọ. Ìran tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí, ọdẹ díẹ̀ ti tó láti tú u ká. Ìṣòro tó tún wà níbẹ̀ ni pé láti ọ̀nà jíjìn, akọ àti abo jọra. Ìwo akọ nípọn ní ìdí, ó sì tẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ti abo tín-ín-rín, ó nà ṣánṣán kó tó tẹ̀ ní orí. Ta ló máa rí ìyẹn nínú ìkùukùu? Àmì tí wọ́n ń kọ́ ọdẹ níbẹ̀ ni pé kí ó dúró títí ewúrẹ́ á fi tọ̀: abo á lóṣòó, akọ á kàn na ara síwájú. Ọdẹ tí kò ní sùúrù ń pa ìyá ọlọ́mọ. Ní ọdún 1987, ìpínlẹ̀ Alberta ti ọdẹ ewúrẹ́ yìí pátápátá nítorí pé iye wọn ń já wálẹ̀.

Ó wá ku iyọ̀. Ewé tútù tó ń hù ní òkè lẹ́yìn tí yìnyín bá yọ́ kún fún omi àti pòtásíọ̀mù, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ kéré gan-an. Ara ẹran tó ń jẹ ẹ́ á máa tọ sódíọ̀mù dànù, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn á sì tún máa fi wàrà rẹ̀ gbé e jáde. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ tó ti lo gbogbo ọdún lórí àpáta á fi dìde, á la igbó kọjá, á rin ọ̀pọ̀ kìlómítà láti lọ lá ilẹ̀ oníyọ̀ kan ní etí odò. Inú igbó yẹn ni púmà àti ìkookò ti ń dúró dè é. Ní Montana, létí ọgbà ìjọba Glacier, irú ibi bẹ́ẹ̀ kan wà nítòsí ìlú Essex, létí odò Flathead. Títì ńlá gba ibẹ̀ kọjá, ewúrẹ́ sì ní láti dá a kọjá kí wọ́n tó dé ibi iyọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún títì náà ṣe, wọ́n gbé afárá sókè kí ewúrẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà mìíràn, orí iyọ̀ ni wọ́n ti ń pàdé àgùntàn igbó oníwo ràgàjì. Joel Berger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Colorado àti ní Glacier, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2022: nínú 100, ewúrẹ́ ló borí ní ohun tó ju 98 lọ. Àgùntàn, pẹ̀lú orí tó le tó yẹn, ló ń ṣí kúrò. Mo rò pé ó mọ ohun tí ìwo tóóró lè ṣe.

Èèyàn náà níyọ̀ lára. Ẹni tó ń gun òkè ń làágùn, okùn àpò rẹ̀ á di oníyọ̀. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n, ẹ̀bá ọ̀nà ni á tọ̀ sí. Ewúrẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kíá. Ó ń tẹ̀lé èèyàn lẹ́yìn, ó ń wó ewéko tí wọ́n tọ̀ sí lára, ó ń fi pátákò wa ilẹ̀ ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣófo. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù ni ilẹ̀ Olympic ní ìpínlẹ̀ Washington. Ewúrẹ́ kankan kò sí lórí òkè yẹn rí. Àárín ọdún 1925 sí 1929 ni wọ́n kó bíi méjìlá wá láti Kánádà àti Alaska kí ọdẹ lè rí ohun pa, kó tó di pé ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ní ọdún 1938. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti lé ní 1,000. Wọ́n ń jẹ àwọn ewéko tí kò sí níbòmíràn láyé, wọ́n sì ń yí eruku lórí wọn. Bóyá ìyẹn ìbá ṣì ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n òkè Olympic kò ní ilẹ̀ oníyọ̀. Èèyàn nìkan ni iyọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, akọ ewúrẹ́ kan tẹ̀lé ọkùnrin kan àti àwọn tó bá a rìn lórí Klahhane Ridge. Ọkùnrin náà ní kí àwọn yòókù máa lọ, ó ń gbìyànjú láti lé ewúrẹ́ náà. Ewúrẹ́ náà gún un ní itan. Ó tún dúró tì í, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè súnmọ́ ọn láti ràn án lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kú, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sì yìnbọn pa ewúrẹ́ náà.

Láti ọdún 2018 sí 2020 ni ìjọba wá kó wọn kúrò. Ẹ fojú inú wò ó: hẹlikópítà á máa lé ewúrẹ́ kiri lórí àpáta, wọ́n á ta àwọ̀n tàbí abẹ́rẹ́ oorun lù ú, ẹnì kan á bẹ́ sílẹ̀ lé e lórí lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, á fi aṣọ bò ó lójú kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, á di ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì fi nǹkan rírọ̀ bọ orí ìwo méjèèjì. Wọ́n á wá so ó sínú àpò rọ̀ sábẹ́ hẹlikópítà, méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹranko tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì fi ilẹ̀ sílẹ̀ rí á máa fò lọ lójú ọ̀run. Àwọn dókítà ẹranko á yẹ̀ wọ́n wò nísàlẹ̀, ọkọ̀ tó tutù nínú á sì gbé wọn lọ sí òkè Cascades, níbi tí ìran wọn ti ń gbé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ti dín kù. Ewúrẹ́ 325 ni wọ́n kó lọ báyìí. Àwọn tí ọwọ́ kò tó, ìbọn ni wọ́n fi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan bínú sí i, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kó méjìlá wá láàárín ọdún 1925 sí 1929 ló yẹ kí wọ́n bínú sí.

Ìwádìí kan tún wà tí kò yẹ kí n fò. Ní Logan Pass, nínú ọgbà Glacier, ewúrẹ́ ń rìn kiri láàárín àwọn tó wá wòran bí ẹran ọ̀sìn. Wesley Sarmento fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ nìkan ló fà á. Ó wọ ẹ̀wù béárì, ó sì yọ sí wọn. Ewúrẹ́ tó wà nítòsí èèyàn àti èyí tó wà lókèèrè kò hùwà kan náà. Ohun tí òun àti Berger tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 ni pé èèyàn ti di odi fún wọn: béárì àti ìkookò ń sá fún èrò, ewúrẹ́ tó bá wà láàárín èrò kò nílò àpáta, kì í sì í gbé orí sókè wòye bíi tàtẹ̀yìnwá. Nígbà tí iná igbó mú kí wọ́n ti títì ibẹ̀ tí èrò sì dá, wọ́n padà sórí àpáta. Ẹgbẹ́ kan náà tún rí i pé ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ewúrẹ́ ń wá ibi tí yìnyín ṣì kù láti dùbúlẹ̀ lé, èémí wọn á sì rọlẹ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ń dín kù bí ayé ṣe ń gbóná sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Seattle, Denver tàbí ibikíbi tí òkè wọ̀nyí ti sún mọ́ yín, tí ẹ ń kó ọmọ lọ wòran lásìkò ìsinmi, àṣẹ tí ọgbà Olympic pa ni pé kí èèyàn má súnmọ́ ewúrẹ́ ju yáàdì 50 lọ. Ti Glacier jẹ́ 25. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lá ọwọ́ yín, bó ti wù kó dùn tó nínú fọ́tò. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n yín, ẹ kúrò lójú ọ̀nà dáadáa kí ẹ tó tọ̀, orí òkúta ló sì dára jù, kí ewúrẹ́ má baà wá wó ewéko nítorí rẹ̀. Tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ fà sẹ́yìn. Tí kò bá dúró, ẹ pariwo, ẹ ju aṣọ sókè, ẹ sọ òkúta sí i. Ẹ má ṣe káàánú rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn. Ewúrẹ́ tó bá ṣì ń bẹ̀rù èèyàn kì í sábà kú lọ́wọ́ èèyàn.